Ìyàwó Kì í Rán Ọkọ Níṣẹ́

                                                            Ẹ̀yìn Mọ́sálásí Àtijọ́,
                                                            Idigny, Kétou,
                                                            Orílẹ̀-èdè Benin.
                                                            Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025.

Moutiatou, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Má ṣe wo òkè ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ náà ni mo kọ ọ́ sí. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti pè ọ́ ní ọ̀rẹ́, torí “ìyàwó wa” ni gbogbo ilé ń pè ọ́, èmi náà sì ń bá wọn pè é. Lónìí, mo gbé ìyàwó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ara ńkọ́? Òtútù Lyon ńkọ́? O kú iṣẹ́ ìwé, o kú àìsùn, o kú àìrẹ́ni bá sọ èdè ẹni. Ṣé àyà tó ń dùn ọ́ nígbà òtútù tó kọjá kò tún padà wá? Ṣé o ti ra bàtà tó nípọn, àbí o ṣì ń fi owó rẹ̀ ra ìwé? Gààrí tí a fi ránṣẹ́ ńkọ́, ṣé ó dé láìtutù? Má fi sínú ọ̀rá. Inú agolo ni kí o dà á sí, kí o dé e pa.

Ní tiwa, a wà, a dúpẹ́. Ìyá wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Orúnkún ọ̀tún ń dùn wọ́n bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n kò dí ẹnu wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Táòfíkì, ọkọ rẹ, ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Kétou lójoojúmọ́. Ó rù díẹ̀. Ó ní kì í ṣe àárò rẹ ló fà á, mo ní mo ti gbọ́. Bàbá àwọn ọmọ mi kí ọ. Mutmainnah ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ti ga dé èjìká mi, aṣọ rẹ̀ tí mo rán ní àránjù kí ó lè pẹ́ ti kúrú ní ọdún kan péré. Àgbàdo àkọ́rọ̀ ti tán lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, èyí tí a ń rà báyìí kò gbẹ dáadáa, ó sì wúwo lórí òṣùwọ̀n, o mọ ẹni tí ìyẹn ń jẹ lówó.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo kọ ìwé nígbà tí a lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù pọ́tábù. Mo ti ṣírò rẹ̀. Pọ́tábù tèmi kì í gba irú ohùn bẹ́ẹ̀, ti Táòfíkì ló ń gbà á. Bí mo bá sọ̀rọ̀ sínú tirẹ̀, Táòfíkì á gbọ́, Ìyá á gbọ́, àwọn ọmọ á gbọ́, wọ́n á sì tún un gbọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìwé kì í pariwo. Firmin tí òun àti Táòfíkì jọ ń ṣe olùkọ́ ń bọ̀ ní Lyon lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún àpérò kan, kò sì ní gba fáránkì kan lọ́wọ́ mi. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu àpò ìwé náà pa. Bí o bá rí i pé ó ti là, bi í léèrè.

Ohun tó mú mi jókòó, n kò ní dà á ní àdàpè. Owú ń jẹ mí, Moutiatou. Ó ti ń jẹ mí láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ rẹ, alùpùpù oníná yẹn, ti dé. Àwọn ènìyàn rò pé obìnrin kì í jowú àfi nítorí ọkùnrin. Wọn kò mọ nǹkan kan.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe dé, torí Táòfíkì á ti sọ ọ́ fún ọ bí olùkọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀, á ti yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò. Ọkọ̀ tó gbé àpótí náà láti Cotonou dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà. Kí wọ́n tó já okùn rẹ̀, ojúde Ìyá ti kún. Ìyá ti wọlé lọ wé gèlè. Mo ní ta ni ẹ ń wé gèlè fún, wọ́n ní àlejò òkè òkun ni, àbí ẹrù ìyàwó àwọn kì í ṣe àlejò? Nígbà tí alùpùpù náà jáde, tí Táòfíkì tẹ nǹkan kan, tí táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìdún, Bàbá Lábọ̀dé tó ni oko ẹsẹ̀ odò sún mọ́ ọn, ó gbé etí lé e bí ẹni ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ó ní, “Èyí kò mí o. Ṣé ó dá yín lójú pé ó wà láàyè?” Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní bí ó bá kú, ìyàwó Táòfíkì á wá jí i.

Èmi kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ọkàn mi wà níbòmíràn. Táòfíkì ti sọ fún wa tipẹ́ pé iṣẹ́ àṣekágbá màsítà rẹ nìyí, pé o fẹ́ mọ bí mọ́tò oníná mànàmáná tó ń yí táyà alùpùpù ṣe máa ṣe lórí ilẹ̀ pupa wa pẹ̀lú àpò àgbàdo lẹ́yìn, nínú eruku àti nínú ẹrẹ̀. Ó ní ohun tí ẹ ń dán wò nínú yàrá níbẹ̀ kò tó. Mo rántí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́: táyà kan lórí irin, tí ń yí láti àárọ̀ tí kò kúrò lójú kan. Mo ní, ṣé torí kí ẹ lè sáré lójú kan ni ìjọba ṣe ń fún yín ní búrúsì, owó ìkẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́? Táòfíkì bínú. Ó ní ibẹ̀ lẹ ti ń mọ bí mọ́tò ṣe ń gbóná, bí bátìrì ṣe ń rẹ̀, àti ibi tí agbára ń gbà jò lọ. Mo gbọ́, ó sì yé mi ju bó ṣe rò lọ. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra epo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní agbára tó ń jò.

Nítorí náà, mo ti ní i lọ́kàn pé èmi ni yóò gun ẹ̀rọ náà. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ta ló ń fi alùpùpù kó àgbàdo láti oko wá sí Idigny, láti Idigny dé ọjà Kétou, láti ìgbà tí Mutmainnah ṣì wà lẹ́yìn mi? Ọ̀nà oko wo ni n kò tíì ṣubú lórí rẹ̀ rí? Mo ti gbá igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá tí ẹ̀rọ á máa sùn. Mo ti ra àgádágodo tuntun ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ fáránkì, lẹ́yìn tí mo ti ná an títí tí ọlọ́jà fi ní kí n máa gbé e lọ kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Èmi tí mo ń fi okùn so ilẹ̀kùn ìsọ̀ ara mi.

Lẹ́yìn náà ni Táòfíkì ka ohun tí o kọ sí gbogbo ilé. O kí wa, o tún wa kí, o wá ní Ghislaine ni kó máa gun ún.

Ghislaine! Ọmọ káfíńtà Okpomèta tó fẹ́ ọkọ wá sí àdúgbò wa láìpẹ́ yìí. Ojú mi ló ṣe kọ́ alùpùpù. Èmi ni mo di ìjókòó rẹ̀ mú lẹ́yìn, tí mo ń sáré tẹ̀lé e bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. O mọ eyín mi, o mọ̀ pé ó ṣeé fi bo nǹkan. Ìyá yíjú sí mi, wọ́n ní, “Eyínfúnjowó, bu omi fún Ghislaine kó mu, iṣẹ́ ńlá ti já lé e léjìká.” Mo bu omi. Mo bu ú kún. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, n kò lè jẹ iyán tí mo fọwọ́ ara mi gún. Bàbá àwọn ọmọ mi jẹ tirẹ̀, ó jẹ tèmi mọ́ ọn, kò bèèrè.

Eyínfúnjowó. Ìwọ lo sọ mí lórúkọ yẹn, gbogbo ilé sì ti gbà á lẹ́nu rẹ. Kò tíì pẹ́ tí a gbé ọ wọlé nígbà náà. O wà lẹ́yìn ilé, o ń fọ aṣọ, o rí mi tí mo ń kọjá, o sì pariwo bí o ti ń ṣe láti kékeré, “Fali, bá mi fa omi wá jàre!” Àfi bí ẹni pé o fọ́ ìkòkò àwọn bàbáńlá wa. Ìyá jáde, àwọn ìyá ilé tú jáde lẹ́yìn wọn. Ṣé wọn kò kọ́ ọ nílé ni? Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Ìyàwó kì í rán ọkọ níṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni ọkọ náà, kí á má tilẹ̀ sọ àbúrò Táòfíkì tí wọ́n jọ mu ọyàn kan náà. O kúnlẹ̀ lórí aṣọ tútù. O sanwó ìtanràn, páálí ọṣẹ kan. Wọ́n ní kí o fún mi lórúkọ tí wàá máa pè mí. O wò mí, o ní “Eyínfúnjowó,” gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé owó ni mo ń kà bí mo bá ti ń dákẹ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo rò pé eré ni, pé bí wọ́n bá ti wọlé, o tún máa pè mí ní Fali. O kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kódà bí ó bá ku àwa méjì péré, “Ẹ kú iṣẹ́, Eyínfúnjowó,” ni, orúnkún nílẹ̀.

Jẹ́ kí n padà sórí Ghislaine, torí ibẹ̀ ló ti ń ta mí. Ní àràárọ̀ ni ó ń wá mú ẹ̀rọ. Pánẹ́ẹ̀lì tí ń gba oòrùn fún bátìrì rẹ̀, orí òrùlé ilé bàbá mi ni wọ́n kàn án mọ́. Ṣé o rí i? Oòrùn ilé bàbá mi ni Ghislaine ń gùn kiri. Èmi ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń ra epo kpayò, epo fàyàwọ́ inú ìgò, ẹgbẹ̀ta fáránkì lítà kan, bí inú àwọn aṣọ́bodè bá sì bàjẹ́, á di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni Ghislaine yóò ti kọjá lára mi, láìdún, láìrú èéfín, pẹ̀lú àpò mẹ́ta lẹ́yìn, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó máa ń kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èyí ló tún burú jù. Ẹni tí kò dún, o kò lè gbọ́ ọ kí o yíjú sí ibòmíràn kí ó tó dé.

Ìyá ti fi fọ́tò rẹ kọ́ ògiri, níbi tí kàlẹ́ńdà mọ́sálásí máa ń wà. Aṣọ funfun, awò ńlá lójú, mọ́tò kékeré lọ́wọ́ rẹ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bí àlejò bá wọlé, Ìyá á ní, “Ìyàwó wa nìyẹn. Mọ́tò tí kì í mu epo ló ń kọ́.” Bí àlejò bá wá bi wọ́n pé èmi ńkọ́, wọ́n á ní, “Ó wà lọ́jà, ó ń kówó jọ.” Ó tán. N kò bá ọ du ìwé. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni a jọ jókòó. Nígbà tí bàbá mi kú tí mo fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, ìwọ lo ń kọ́ mi ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ́jọ́ náà títí agara fi dá èmi fúnra mi. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó fọwọ́ lé ọ léjìká nínú fọ́tò kejì, ta ni? Táòfíkì ní ọmọ Tógò ni, ẹ jọ ń ṣe màsítà, ẹ jọ ń sè. Ó dáa. Ẹ máa sè. Ṣé ó mọ̀ pé o kì í jẹ ata lálẹ́?

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran lára. Èmi lẹ́ran lára, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ lẹ́nu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró nídìí ìsọ̀ mi pé ẹ̀rọ yẹn kò ní kọjá òkè ẹsẹ̀ odò lẹ́yìn oko Bàbá Lábọ̀dé bí òjò bá rọ̀ dáadáa. O mọ òkè náà. Ibẹ̀ ni ìwọ àti èmi ti da ẹ̀wà ìyá rẹ nù lọ́jọ́ ọdún iléyá. Mo ń wo ojú ọ̀run ju àgbẹ̀ lọ. Bàbá Lábọ̀dé ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo gbin nǹkan?”

Òjò náà wá rọ̀. Ó rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní àárọ̀, Ghislaine lọ kó àgbàdo Bàbá Lábọ̀dé, torí ọjọ́ irú òjò bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ nílò. Mo dúró díẹ̀, mo sì gun alùpùpù mi tẹ̀lé e. Mo ní mo fẹ́ lọ wo àgbàdo tí mo lè rà. Irọ́ ni.

Mo bá a ní ìdajì òkè náà. Ẹ̀rọ wà nínú ẹrẹ̀ dé àárín táyà, àpò kan ti yí lọ sínú igbó, Ghislaine jókòó lórí àpò kejì, ó di ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Ẹrẹ̀ ti bo ojú rẹ̀. Mo dúró lókè, mo ń wò ó. Mo fẹ́ kí inú mi dùn. Mo dúró de inú náà kó dùn, kò dùn.

Ó gbójú sókè, ó ní, “Ìyá Mutmainnah, ẹ ti dé. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá rẹ́rìn-ín nítòsí, kí n lè bá yín rẹ́ ẹ.”

Mo ní, “Ṣé ẹ̀rọ ti kú?”

“Ẹ̀rọ wo ló kú? Èmi ni mo kú. Ẹ wò ó, ó ń yí. Èmi ni n kò mọ ibi tí ilẹ̀ ti le.”

Mo sọ̀kalẹ̀. A já àpò kẹta kalẹ̀. Mo ṣẹ́ pòròpórò àgbàdo nínú oko Bàbá Lábọ̀dé, mo tẹ́ ẹ síwájú táyà, mo di ọwọ́ ẹ̀rọ mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa fọwọ́ kan ohun tí o fi ránṣẹ́. Mo yí i díẹ̀, bí a ṣe ń fún epo lórí tiwa, mo rò pé yóò kọ́kọ́ wúkọ́ bí alùpùpù mi. Kò wúkọ́ rárá. Ó fà mí lọ́wọ́ jẹ́ẹ́, bí màlúù tó mọ ọ̀nà ilé, ó sì gòkè. N kò gbọ́ nǹkan kan àfi ẹrẹ̀ tó ń jábọ́ àti èémí ara mi. Moutiatou, n kò purọ́ fún ọ, omi bọ́ lójú mi. Mo fi apá nù ún, ẹrẹ̀ sì kún ojú mi, a wá di ìbejì, èmi àti Ghislaine.

Ibẹ̀ ló ti bi mí. Ó ní, “Ìyá Mutmainnah, ẹ dákun, ìgbà wo lẹ máa gba ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ mi?”

“Ta ló fún mi?”

“Yéè! Ṣé ẹ kò mọ̀ ni? Tiyín ni. Kí àpótí tó dé ni Moutiatou ti pè mí. Ó ní òun kò lè rán Eyínfúnjowó níṣẹ́, ọkọ òun ni nínú ilé yẹn, òun ti sanwó ìtanràn lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n gbà á, kí n máa gùn ún kọjá níwájú yín títí ẹ̀yin fúnra yín á fi ní kí n gbé e wá. Ó ní ohun tó bá wu ọkọ nínú ilé, ṣe ló ń mú un, ẹnìkan kì í rán an.”

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ìgbà yìí wá.

“Ó ní n kò gbọ́dọ̀ sọ. Ó ní bí mo bá sọ ọ́, ó ti di iṣẹ́ tí òun rán yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti yẹ̀, n kò lè pa á mọ́ ju báyìí lọ.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú gidi. “Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí bí ẹni tó jí adìyẹ yín! Gbogbo ọjọ́ Àìkú tó bá pè mí, kì í bi mí bí ara mi ṣe rí. ‘Ṣé ó ti wò ó? Ṣé ó ti fọwọ́ kàn án? Kí ló sọ?’ Èmi tí mo ń fi ìdí họ igbó lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ìsọ̀ lẹ ń gba ìkíni. Owú yín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.”

A wo ara wa. Òjòwú méjì nínú ẹrẹ̀ kan. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa òun, ó wá pa èmi náà, a rẹ́rìn-ín títí Bàbá Lábọ̀dé fi jáde láti inú oko láti wá bi wá ta ló ṣẹ́ pòròpórò òun.

Ọ̀rọ̀ tèmi àti tìrẹ ló kù. O fẹ́ fi ọ̀wọ̀ pa mí ni, Moutiatou? O kọjá omi òkun, o mọ ibi tí agbára ń gbà jò nínú mọ́tò, o kò mọ̀ pé bí o bá pe ẹlòmíràn síṣẹ́ níwájú mi, inú mi á bàjẹ́? Èmi náà kò mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ọjọ́ yẹn ló ṣì wà lọ́rùn rẹ. Mo rò pé ìwé ló gbé ọ ga tí o kò fi rí mi mọ́, ìwọ sì rò pé ilé wa ló gbé mi ga jù ọ́ lọ. Ta ló wá wà nílẹ̀ tí a lè jọ jókòó? Ẹni tí a kò lè rán níṣẹ́, àlejò ni. N kò fẹ́ jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ rẹ.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí rèé, Táòfíkì kò sì tíì sọ fún ọ, ó sì ti bẹ Ghislaine náà kó má sọ, torí kí ọkàn rẹ má bàa dàrú. Ọrùn ọwọ́ Ghislaine kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ní ilé ìwòsàn pé kò gbọ́dọ̀ gun nǹkan kan títí òjò á fi tán. Ẹ̀rọ wà ní igun tí mo gbá fún un. Bàbá Lábọ̀dé ní òjò tó kù kò pọ̀ mọ́, Táòfíkì sì ní bí òjò bá lọ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ gbé ẹrù nínú ẹrẹ̀ tó, ìdajì iṣẹ́ rẹ á ṣófo, wàá sì ní láti dúró de òjò ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó fún ọ ní màsítà rẹ. Ọdún kan sí i nínú òtútù yẹn! Mo ti ṣírò ohun tí ìyẹn á ná ọ, mo sì ti ṣírò ohun tí yóò ná mi láti máa wo fọ́tò rẹ lára ògiri ní ọdún kan sí i. Méjèèjì wọ́n jù.

Táòfíkì la ẹnu, ó fẹ́ rán mi níṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n. Mo fi ọwọ́ di etí. Mo ní iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́, iṣẹ́ Moutiatou ni, òun ni kó rán mi. Ìyá wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní, “Ṣé o fẹ́ kí ìyàwó máa rán ẹ níṣẹ́ nílé bàbá rẹ?”

Mo ní, “Ìyá, kí ó tó di ìyàwó yín, ọ̀rẹ́ mi ni.”

Wọ́n ju òkúta kan nù nínú ẹ̀wà. Wọ́n wá ní, “Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ó tó pè ọ́ lórúkọ.”

Táòfíkì ní, “Ìyá, òkè òkun ló wà. Ta ni yóò rí i bóyá ó kúnlẹ̀ tàbí kò kúnlẹ̀?”

Wọ́n ní, “Ọlọ́run á rí i. Mo sì mọ ohùn ẹni tó bá kúnlẹ̀.”

Nítorí náà, mo ti bá ọ ná an dé ibi tó lè dé. Mo lè ní kí Táòfíkì pè ọ́ lálẹ́ yìí, kí n sì gba ẹ̀rọ bí ọkọ ṣe ń gba nǹkan. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó bá kọ́kọ́ dé lẹ́yìn tí Firmin bá ti fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́, pe pọ́tábù Táòfíkì lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Èmi fúnra mi ni màá ní kí ó tú ohùn rẹ sílẹ̀ kí gbogbo ilé gbọ́, àti àwọn ìyá ilé tó jáde lọ́jọ́ kìíní. Kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí Ìyá. Kí o dìde. Kí o pariwo bí ìgbà tí o ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé, kí o ní, “Fali, bá mi gun ẹ̀rọ yẹn jàre!” Má yọ “jàre” kúrò. Bí àwọn ìyá ilé bá ní kí o san ìtanràn, èmi ni màá ra ọṣẹ náà, mo sì ti mọ ibi tí ó ti dínwó. Àgádágodo nìkan ni wàá san padà fún mi bí o bá dé.

Má rò pé owú náà ti tán o. Ghislaine ń bọ̀ wá kọ́ mi bí a ṣe ń so bátìrì mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, “Moutiatou fẹ́ kí a máa ṣe é báyìí, Moutiatou kì í fẹ́ kí a ṣe é bẹ́ẹ̀,” bí ẹni pé òun ni wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo ń gbọ́, mo ń fi eyín dáhùn.

Bá mi kí àwọn olùkọ́ rẹ tí wọ́n ní ohun inú yàrá kò tó, wọ́n gbọ́n. Bá mi kí ọmọ Tógò náà, má kí i púpọ̀. Ìyá ní kí o wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Mutmainnah ní òun fẹ́ ìwé tí àwòrán mọ́tò wà nínú rẹ̀, èyí tó ti gbó náà dáa. Ghislaine kí ọ pẹ̀lú ọwọ́ kan.

Òjò tún ti ń ṣú lápá oko Bàbá Lábọ̀dé bí mo ṣe ń kọ èyí. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ wà ní ìṣẹ́tí ìró mi, mo ta á ní kókó méjì. N kò ní tú u títí n ó fi gbọ́ ohùn rẹ.

Tìrẹ ni mí, kí ìwọ náà rántí pé tèmi ni ọ́,

Falilatou
(Fali)